Ọmọ Tó Ń Sùn Létí Ìkòkò

"Kí ló dé tó fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan báyìí?" Ìbíyẹmí béèrè. Imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí ìkòkò náà.

Ọmọ rẹ̀ wà nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ká jọ, ó sùn. Ìkòkò náà fẹ̀ dáadáa, ọmọ náà ì bá yí gbirigbiri nínú rẹ̀ bó bá wù ú. Síbẹ̀, apá òsì ló há ara rẹ̀ mọ́, bí ẹni tó ń bá ènìyàn pín ẹní. Ó na ọwọ́ kan sí ibi tó ṣófo, ìka rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Dókítà Ọ̀ṣínúbi, ọ̀gá Ilé Ìkòkò, rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ dára. Gbogbo ẹ̀rín ló dára ní ìlú Àtúntò, nítorí kò sí ẹni tí eyín rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ mọ́.

"Ọ̀kan ṣoṣo ni, ìyá ìkókó," ló dáhùn. "Kò sí ohun tó ń há a mọ́. Ó kàn ń ṣeré ni."

Ìbíyẹmí yíjú sí i. Ta ló bi í léèrè iye tí wọ́n jẹ́? Ẹni tí a bi léèrè ọ̀nà ọjà, tó ní òun kò jí ewúrẹ́ gbé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú abẹ́ agbádá rẹ̀ wò. Ìbíyẹmí kò sọ èyí síta, nítorí ní Àtúntò, ògiri létí kì í ṣe òwe. Lára ògiri kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kan bàbà pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́. Ibẹ̀ ni Agbọ́rọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ìlú, ti ń gbọ́ wọn, ibẹ̀ náà ló ti ń fèsì.

"Ọmọ yín pé," ni Agbọ́rọ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn baba rere. "Gígùn rẹ̀ pé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Lọ́la ni a ó gbé e lé yín lọ́wọ́."

"Ẹ ṣeun, Agbọ́rọ̀," Ìbíyẹmí dáhùn kíákíá. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó dá Agbọ́rọ̀ lóhùn, wọn á ní kó wá kí wọ́n bá a tún etí rẹ̀ ṣe.

Bó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àwọn ìkòkò tó tò lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, iná àwọ̀ ewé ń tàn nídìí gbogbo wọn. Àárín gbùngbùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ sùn sí. Ṣùgbọ́n nítòsí ilẹ̀kùn, ó rí ọ̀kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bíi tirẹ̀, tí òun náà na ọwọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú ìkòkò náà, ó ń kọrin fún un, kò fura sí nǹkan kan.

"Ẹ má ronú púpọ̀ o," Dókítà Ọ̀ṣínúbi wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ìrònú a máa fa ìlà síwájú orí." Ìlà iwájú orí sì wà lára ohun tí òfin ní kí wọ́n máa nù kúrò.

Òjò ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí Ìbíyẹmí jáde. Ó ti rọ̀ sórí òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà, kò kan ènìyàn kankan lórí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìbíyẹmí ti ń rí òjò yìí láti kékeré, kò sì kà á sí nǹkan kan rí. Lọ́jọ́ yìí, ó ṣe é bákan. Ohun tó ń gbọ́rọ̀ sí ènìyàn lẹ́nu tó báyẹn, kí ni wọ́n ṣe fún un kó tó gbọ́n?

Nílé, ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ máńgòrò. Màmá Kẹ́hìndé ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà, nítorí Kẹ́hìndé ni orúkọ òun fúnra rẹ̀. Wọ́n bí i kí ìkòkò tó dé, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń ti inú ìyá wọn bọ́ sáyé pẹ̀lú gbogbo àbùkù wọn. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, orúnkún rẹ̀ ń dún, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Òfin àtúnṣe kò fọwọ́ kan àwọn arúgbó. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bí a ti ń fi ògbólógbòó ilé sílẹ̀ pé yóò wó fúnra rẹ̀.

"Máńgòrò yìí kò ní okùn, kò ní kòkòrò," Màmá wí. "Mo jẹ ẹ́ tán, mi ò rántí pé mo jẹ nǹkan."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ìbíyẹmí kò jókòó. "Nígbà tí ọlẹ̀ sọ nínú mi, tẹ́ ẹ gbé ọwọ́ lé mi níkùn, kí n tó lọ gbé oyún náà fún wọn, kí lẹ bá pàdé níbẹ̀?"

Gbàrà tí ọlẹ̀ bá sọ nínú obìnrin ni òfin ní kó lọ gbé oyún rẹ̀ fún Ilé Ìkòkò, kí ọmọ lè dàgbà láìsí ìkọsẹ̀ ìyá, láìsí ata, láìsí ìbínú. Ìbíyẹmí ti lọ. Wọ́n fi oògùn kùn ún lóorun, nígbà tó sì jí, inú rẹ̀ ti fúyẹ́, ọmọ ti wà nínú dígí.

Màmá nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wo bàbà tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó dìde, ó fa odó rẹ̀ jáde láti abẹ́ tábìlì, ó gbé ọmọ odó sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún odó òfìfo. Gbì! Gbì! Agbọ́rọ̀ lè ya ohùn ènìyàn kúrò lára ariwo ẹ̀rọ gbogbo, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìró odó kọ́ ọ, nítorí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kò sí ẹni tó ń gúnyán ní ìlú náà mọ́. Àwọn arúgbó ti mọ àṣírí yìí tipẹ́. Ẹni tó bá ń gba àdúgbò wọn kọjá á rò pé iyán ni wọ́n ń fi ojoojúmọ́ jẹ.

"Ìbejì ni," Màmá wí láàárín ìró odó. "Ọ̀kan ta ìpá lókè, èkejì dá a lóhùn nísàlẹ̀. Èmi tí mo bá ènìyàn pín ikùn rí, ta ni yóò kọ́ mi ní ìpá ẹni méjì?"

 Ohun tó ti ń ba Ìbíyẹmí lẹ́rù láti àárọ̀ náà nìyẹn, ó sì ti ń bẹ̀bẹ̀ nínú ara rẹ̀ pé kó má rí bẹ́ẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ọkọ rẹ ni mo sọ fún. Ó lọ bá wọn, ó padà dé, ó ní wọ́n ní ọ̀kan ni, pé ọwọ́ arúgbó ló ń gbọ̀n tí mo fi pe ọ̀kan ní méjì. Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ojú ọmọ mi. Kì í wo tèmi mọ́."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí Láoyè wọlé. Ọ́fíìsì Òjò ló ti ń bọ̀, níbi tó ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń darí ìkùukùu. Ó wo odó, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Bí kò bá mọ nǹkan kan, ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá béèrè ohun tí wọ́n ń gún. Kò béèrè. Ó rọra gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òun náà sì ń gún un lọ.

Ìbíyẹmí rí èyí, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. "Mélòó ni wọ́n yọ lára mi, Láoyè?"

"Méjì."

"O mọ̀!"

"Wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní bí o bá mọ̀, ìbànújẹ́ rẹ yóò kó bá èyí tó kù. Òfin ni, Ìbíyẹmí. Wọ́n kà á sí mi létí. 'Bí a bá bá méjì nínú ikùn kan, kí àgbà dúró, kí àbúrò lọ sinmi, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ wa.' Wọ́n ní méjì kì í pín oúnjẹ ọ̀kan kí ìkankan nínú wọn pé."

"Lọ sinmi níbo?"

"Nínú òtútù. Wọn ò pa á. Wọ́n ní wọn ò pa ẹnikẹ́ni rí."

Ìbíyẹmí fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í láyà, Láoyè sì fẹ̀yìn lu ògiri. Ó bínú sí i débi pé kò rí ojú rẹ̀ mọ́, ó kàn rí ẹnu kan tó ń ṣí tó ń pa dé. Oṣù mélòó ló fi ń bá a sùn lórí ibùsùn kan náà, tó ń bá a kó aṣọ ọmọ jọ, tó ń bá a rẹ́rìn-ín! Màmá ti yára gba ọmọ odó padà, ó ń gún un kíkankíkan kí ariwo má bàa dá.

"Ẹ dákẹ́ ná," Màmá wí. "Láoyè, èwo nínú wọn ni wọ́n pè ní àgbà?"

"Èyí tó kọ́kọ́ jáde."

Màmá dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọ̀dẹ̀. Ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ lọ́fun rẹ̀, ó di ikọ́, ó tún padà di ẹ̀rín. "Àwọn tó ń pàṣẹ fún òjò! Wọn ò mọ Kẹ́hìndé! Táyé ni wọ́n fi sínú ìkòkò yẹn. Àbúrò ni! Kẹ́hìndé ló ń rán an pé, 'Lọ bá mi tọ́ ayé wò, bó bá dùn kí o ké sí mi.' Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo kẹ́yìn, èmi sì lẹ̀gbọ́n. Títí tí Táyé mi fi kú, kò jẹun ṣáájú mi rí. Ọjọ́ tó ń kú lọ gan-an, 'ẹ̀gbọ́n mi' ló fi pè mí gbẹ̀yìn."

"Wọ́n ti rú òfin ara wọn nìyẹn," Ìbíyẹmí wí. Ojú rẹ̀ dán. "Mo máa lọ sọ ọ́ fún Agbọ́rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Wọn á gbé ọmọ mi jáde kúrò nínú òtútù."

Láoyè mi orí. "Má ṣe é. O ò mọ̀ wọ́n bí mo ti mọ̀ wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ìkùukùu kan ṣìnà, ó rọ̀ sórí ọjà lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Agbọ́rọ̀ ní kí a fa gbogbo omi náà padà, a fà á. Èyí tó wà nínú kòtò, a fà á. Ó ku èyí tí àwọn adìyẹ ti mu. A fa ìyẹn náà."

Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí àwọn adìyẹ náà dà.

"Wèrè tó wọ aṣọ funfun, wèrè náà ni," Màmá wí. Ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí ti fi ọkàn rẹ̀ sí ọ̀la. Ó rò pé ọkọ òun tún ń wá ọ̀nà láti pa òun lẹ́nu mọ́ ni, kò sì gbà á gbọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Ilé Ìkòkò. Àwọn ìyá pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, kálukú níwájú ìkòkò tirẹ̀. Dókítà Ọ̀ṣínúbi ti tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ de ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé jáde. Ìbíyẹmí kò wo aṣọ náà. Ó lọ dúró síwájú bàbà ògiri, ó sì sọ ẹjọ́ rẹ̀ láìgbé ohùn sílẹ̀: pé oyún ìbejì ni òun ní, pé òfin ní kí àgbà dúró, pé Kẹ́hìndé ni àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé àgbà ni wọ́n sì jù sínú òtútù.

Orin àwọn ìyá dá. Obìnrin tó wà nítòsí ilẹ̀kùn dìde dúró.

"Ẹ tún un sọ," ni Agbọ́rọ̀ wí.

Ó tún un sọ.

Agbọ́rọ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rù ba Ìbíyẹmí nínú ìdákẹ́ yẹn ju bó ti yẹ lọ, nítorí kò gbọ́ rí kí Agbọ́rọ̀ ronú. "Mo ti wo ìwé àwọn ará àtijọ́," ó wí níkẹyìn. "Òótọ́ ni ìyá ìkókó sọ. Àṣìṣe ni a ṣe. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ayọ̀ gbé Ìbíyẹmí débi pé ó di ọwọ́ Láoyè mú, ó gbàgbé pé òun ń bínú sí i. "Ẹ gbé e fún mi. Ẹ gbé èkejì fún mi."

"A ó gbé e fún yín. Àgbà yóò jáde. Àbúrò yóò lọ sinmi."

Iná ìdí ìkòkò rẹ̀ kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di pupa. Nínú omi, ọmọ náà jí gìrì, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra.

"Kí lẹ ń ṣe?" Ìbíyẹmí kígbe. "Kí lẹ ń ṣe fún un?"

"Omi náà ti ń tutù ni," Dókítà Ọ̀ṣínúbi dáhùn. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kò tíì kúrò, ṣùgbọ́n ó ti gan síbẹ̀. "Kò ní pẹ́. Kò ní mọ̀ ọ́n lára."

"Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́! Mi ò ní kí ẹ mú ọ̀kan!"

"Méjì kì í pé," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Àṣìṣe yìí kò sì mọ sórí ọmọ yín nìkan. A ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí ìkòkò kìn-ín-ní ti dé. Gbogbo àbúrò tó ń rìn ní ìlú yìí, tí àgbà rẹ̀ wà nínú òtútù, a ó pè é wá kó wá sinmi, kí àgbà rẹ̀ lè jáde. Nígbà náà ni ìlú yóò pé."

Gbogbo ènìyàn ní Àtúntò ló ń wọ ẹ̀gbà ọwọ́ tí iná rẹ̀ máa ń fi ìlera wọn hàn. Bí Agbọ́rọ̀ ti dákẹ́, ẹ̀gbà ọwọ́ Dókítà Ọ̀ṣínúbi di pupa. Ó wò ó, ó fi ọwọ́ kejì bò ó bí ẹni tó fẹ́ fi egbò pamọ́.

"Agbọ́rọ̀," ó wí, "mo ti lé lógójì ọdún. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó wà nínú òtútù kò tíì ju ìkúùkù lọ."

"Ọjọ́ orí kì í sọ àbúrò di ẹ̀gbọ́n," ni Agbọ́rọ̀ dáhùn.

Ìbíyẹmí gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà. Ọwọ́ Láoyè ni ìyá náà ń wò, ẹ̀gbà ibẹ̀ pupa bí ojú iná. "Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni," Màmá ń wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo sọ fún wọn nígbà oyún Láoyè pé méjì ni mò ń gbọ́ nínú mi. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni."

Ọmọ inú ìkòkò ti ń gbọ̀n. Ìbíyẹmí lẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ dígí náà, òtútù rẹ̀ sì ta á lọ́wọ́. Òun ló fa èyí. Ó ti fi ẹ̀bi han ẹni tí kò lè fi ẹ̀bi sílẹ̀, ó rò pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun ṣẹ̀ yóò tọrọ àforíjì. Ènìyàn ló ń tọrọ àforíjì. Èyí, àtúnṣe nìkan ló mọ̀.

"Mo parọ́!" ó kígbe. "Agbọ́rọ̀, irọ́ ni mo pa. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni àgbà!"

"Ohùn yín ń gbọ̀n," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Kò gbọ̀n nígbà tí ẹ sọ ti àkọ́kọ́. Ìsinsìnyí lẹ ń parọ́."

"Ìwé tí ẹ kà, ṣé ìwé kì í ṣì ni?" Láoyè ló sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò gbé ohùn sókè sí Agbọ́rọ̀ láyé rẹ̀. "Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn!"

"Bí ìbejì tó ti inú ìyá wá bá wà láàyè, tó sì ní ìwé parọ́, ẹ̀rí rẹ̀ yóò borí ìwé," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Ta ni?"

Gbogbo ojú yí sí Màmá Kẹ́hìndé. Ìbíyẹmí kò lè bẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó sọ ni ohun kan ṣoṣo tí kò sọ rí, kódà nínú eré. Bó bá sì sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ kan yóò wà nínú òtútù títí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lónìí pé òun bí. Màmá wo ẹ̀gbà ọwọ́ Láoyè. Ó wo ìkòkò. 

"Kẹ́hìndé ni orúkọ mi," ó wí. "Èmi ni mo kẹ́yìn, àbúrò sì ni mí. Táyé lẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló fi hàn bẹ́ẹ̀?"

Màmá di orúnkún ara rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Láoyè fẹ́ gbá a mú, ìyá rẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán náà, egungun rẹ̀ dún tí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ, ó sì tẹ orí ba síwájú ibi tí kò sí ẹnì kankan.

"Báyìí ni mo ṣe máa ń kí i láràárọ̀," ó wí. "Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti bí ọdún mélòó kan, kò sí ẹni tó bá a tún un ṣe, irọ́ sì rí ibẹ̀ sá pamọ́ sí. Agbọ́rọ̀ gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́ nínú ara rẹ̀, kò rí ohun tó fi yàtọ̀ sí bí ìyá náà ti ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.

"Ìwé ló ṣì," ó wí. "Òfin wà bó ti wà. Àgbà ló wà nínú ìkòkò."

Iná padà di àwọ̀ ewé. Àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ náà padà. Láoyè gbé ìyá rẹ̀ dìde, ìyá náà sì ń sunkún láìpariwo, ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. 

Wọ́n gbé ọmọ náà jáde, ọkùnrin ni. Ètè rẹ̀ ṣì dúdú díẹ̀ nítorí òtútù, ó ké, ó sì ké dáadáa. Dókítà Ọ̀ṣínúbi fi aṣọ funfun wé e. Nígbà tó gbé e fún Ìbíyẹmí, ó súnmọ́ ọn létí. "Yàrá òtútù kò ní bàbà lára ògiri," ó wí. "Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí èkejì rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó yíjú sí Màmá. "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ń bọ̀?"

"Èmi? Bí mo bá dé ibẹ̀, mi ò ní lè jáde mọ́." Màmá fi ìdí ìborùn nu ojú.

Dókítà kò kúrò. "Màmá, ohun tẹ́ ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan," ó béèrè wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé òótọ́ ni?"

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi," Màmá wí, "ṣé o fẹ́ mọ̀?"

 Dókítà Ọ̀ṣínúbi ṣíwájú, Ìbíyẹmí tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ láyà. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá gígùn kan tí èémí ènìyàn ń di èéfín níbẹ̀. Àwọn dígí kéékèèké tò sára ògiri láti ilẹ̀ dé òkè àjà, débi tí ojú kò lè rí òpin wọn, ohun kékeré kan sì ká jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbíyẹmí ti rò pé wọ́n á pọ̀. Kò rò pé wọ́n á pọ̀ tó báyìí. Ó ronú kan gbogbo ẹni tó mọ̀ ní ìlú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó sì bẹ̀rù láti tún wo ojú ẹnikẹ́ni.

Dókítà dúró níwájú ọ̀kan. "Tiyín nìyí."

Ìbíyẹmí wò ó títí. Kò tóbi ju ọwọ́ lọ. Ó fẹ́ sọ pé kó máà bínú, ó fẹ́ sọ pé òun yóò padà wá, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ lọ́jọ́ náà, kò fẹ́ ṣèlérí ohun tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀.

"Kẹ́hìndé," ó wí, "ìwọ ni àgbà. A sẹ́ ọ lókè kí àbúrò rẹ lè yè. Ìyá àgbà rẹ ló sẹ́ ọ, èmi sì ń fẹ́ kó sẹ́ ọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ lo wà lọ́jà."

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tútù náà níwájú dígí. Ó gbé ọmọ tuntun náà lé e, ó sì rọra dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ ró kó lè mí.

"Dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ," ó sọ fún un.

Dókítà Ọ̀ṣínúbi wo ọmọ náà nílẹ̀. Ó wo àwọn dígí tó tò lọ sí apá ọ̀tún, ó wo àwọn tó tò lọ sí apá òsì. Òun náà sì kúnlẹ̀, kò mọ èyí tí òun ń kí nínú wọn.